Etí Òkun Gẹ́gẹ́ Bí Ibi Ìwòsàn

  Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ní Ṣágámù níbí, níbi tí a kì í ti gbọ́ ariwo ìgbì, ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa etí òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwa ará Rẹ́mọ sí ọ̀sà kò dí rí. Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà wa. Ilé-Ifẹ̀ tí ó jìnnà sí òkun jù wá lọ pàápàá ní Igbó Olókun tirẹ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni èrò kan tí mo ń bá pàdé lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé etí òkun ń mú ara dá, pé àwa kàn ń bọ omi lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn tiwọn ná.

Ní 1750, oníṣègùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Russell, kọ ìwé ní èdè Látìn lórí bí a ṣe lè fi omi òkun wo kókó ọrùn àti àwọn àrùn tí ó fara pẹ́ ẹ. Ó ní kí aláìsàn máa wẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún ní kí ó máa mu ún. Ní 1753 ó kó lọ sí Brighton, ìlú kékeré àwọn apẹja, àwọn aláìsàn sì tẹ̀ lé e. Ọmọ ọba tí ó padà di Ọba George Kẹrin dé ibẹ̀ ní 1783. Nígbà tí rélùwéè so ibẹ̀ mọ́ London ní 1841, mẹ̀kúnnù náà ráyè lọ, fàájì sì borí ìwòsàn.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbá aláìsàn mú kí wọ́n sì rì í bọmi. Kẹ̀kẹ́ onígi tí ẹṣin ń fà ni yóò gbé aláìsàn wọnú òkun, obìnrin náà yóò sì ti dúró dè é láàárín ìgbì. Martha Gunn ni olókìkí wọn ní Brighton. Ẹ̀yin ìyá Ọ̀ṣun, ẹ ò rí i pé ẹ ní ẹlẹgbẹ́!

Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Àwọn Russell gbà pé òtútù ń ta ara jí, iyọ̀ sì ń fọ inú. Ẹ fetí sí èdè tiwa: *tù* ni ó wà nínú tutù, òun ni ó wà nínú ètùtù àti ìtùnú, òun náà ni ó yí ohùn padà nínú ìtura. Aláìsàn tí a bá mú lọ sétí omi, a kì í lé àrùn jáde lára rẹ̀ nìkan. À ń tu orí rẹ̀, à ń tu Olókun àti Yemọja, à ń tu ará ilé tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ń jà nínú. Ìdí nìyí tí Ifá dídá fi ń ṣáájú ìwẹ̀.

Àwọn Aládùúrà kò já okùn yìí. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ sítíà tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947 ṣì ń lọ sétí òkun ní Sèmè nígbà Kérésìmesì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí o bá dé Bar Beach l'Ékòó, wàá bá aláṣọ funfun tí ó ń gbàdúrà, tí ó ń wẹ̀, tí ó ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn olórìṣà náà ń gbé ẹbọ lọ. Bó ti wù kí wọ́n bú wa tó nínú ìwàásù, omi kan náà la jọ ń wẹ̀.

Bar Beach ọ̀hún wá dà? Odi òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sẹ́nu èbúté láàárín 1908 sí 1912 dá iyanrìn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí náà. Ní 1971 ìjọba ológun ń yìnbọn pa adigunjalè níbẹ̀ ní gbangba. Lẹ́yìn náà ni Eko Atlantic dé. Nígbà tí Ààrẹ Jonathan àti Bill Clinton wá síbi ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2013, wọ́n ti fi iyanrìn gba mílíọ̀nù 5 mítà onígun mẹ́rin lọ́wọ́ òkun. N kò sọ pé kí ìgbì máa gbé ilé ènìyàn lọ, odi wúlò. Ṣùgbọ́n ta ni etí òkun wà fún báyìí? Ní Oniru àti Elegushi, owó ni a ń san kí a tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa oníṣègùn. Russell ṣìnà nínú ti mímu. Iyọ̀ omi òkun ń fa omi kúrò lára ni, ó sì lè pa ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fún aláìsàn mu. Omi dídùn pàápàá gba ìṣọ́ra: ní 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí a má mu omi odò Ọ̀ṣun mọ́, nítorí ìdọ̀tí tí ó wọ inú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba Èkó, kí wọ́n ya apá kan etí òkun sọ́tọ̀ tí a kì í sanwó wọ̀, kí àwọn aláṣọ funfun sì bá wa fọwọ́ sí i bí wọ́n bá gbà. Ìwé bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín ti lọ wẹ̀ ní Bar Beach rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Mo mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́.