Irin Gbígbé àti Àyẹ̀wò Ìtọ̀

Bí mo bá kúrò ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ tí mo gba Ajíbọ́dẹ kọjá, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sínú agolo méjì, tí wọ́n fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀, tí wọ́n ń gbé e sókè, tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú wọn. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara nítorí iṣẹ́ tí ó ń wá, wọ́n sì bá purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò se àgbo.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àgbo sílẹ̀ ná. Kí ni ó ṣe lánàá?”

Irin ni ó gbé títí alẹ́ fi lẹ́.

Kíndìnrín ni asẹ́ ara. (Iwe ni Bíbélì Yorùbá pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú ti inú adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.) Nǹkan bí lítà 180 ni ó ń sẹ́ lóòjọ́, lítà kan sí méjì péré ní ń di ìtọ̀. Purotéènì tí ń bá a jáde kì í tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ agbára bá le, asẹ́ náà a máa jò díẹ̀, a sì padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kíriatínì inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Láti inú iṣan ni ó ti ń wá. Ó lè ga lára ẹni tí iṣan rẹ̀ ki, kí kíndìnrín rẹ̀ sì yè kooro.

Ọmọ náà sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ìtọ̀ gbé lọ. Wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí o. Ní 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àbùdá kan wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, tí ń gba ni lọ́wọ́ àrùn sùnrunsùnrun; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Nítorí náà, bí purotéènì bá ṣì wà lẹ́yìn ìsinmi, tàbí tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí á lọ. Bí ìtọ̀ bá sì dúdú bí Coca-Cola lẹ́yìn irin gbígbé, kò gbọdọ̀ di ọ̀la: iṣan ni ó fọ́, ohun tí ó tú jáde nínú rẹ̀ sì lè dí asẹ́ náà pa.

Irin fúnra rẹ̀, n kò rí ẹ̀sùn fi kàn án. Àwọn tí kíndìnrín wọn kò dá ṣáṣá pàápàá, bí dókítà bá yọ̀ǹda, irin tí kò wúwo jù a máa fún iṣan wọn lókun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí agolo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀.