Ta Ló ń Dúró De Agò? Bí A Ṣe ń Bi Kọ̀ǹpútà Léèrè Ilẹ̀kùn Tó Ṣí



Kò sí onílé tí ẹ máa bi pé ilẹ̀kùn mélòó ló ní tí yóò máa wòkè-wodò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń bójú tó kọ̀ǹpútà ni kò mọ ilẹ̀kùn tó ṣí lára rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò fi pamọ́ fún wa. Àwa ni a kò bi í.

Ohun tí ètò kan fi ń bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì là ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun sì ni ilẹ̀kùn tí mò ń wí. Yunifásítì California ní Berkeley ló gbé e jáde nínú 4.2BSD lọ́dún 1983, ọ̀nà tí wọ́n là nígbà náà la ṣì ń tọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì TCP ní adírẹ́sì, ó sì ní nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, tí kì í ju 65535 lọ. Ti ìkànnì tó ní ààbò ni 443. Ti SSH ni 22: Tatu Ylönen, ará Finland, ló tọrọ rẹ̀ lọ́dún 1995, torí ó bọ́ sáàrin 21 ti FTP àti 23 ti telnet, àwọn méjì tó fẹ́ kí SSH gbapò wọn.

Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà wa, á ní, "Agò o!" Ará ilé á ní, "Agò yà." Àlejò á kí, á sì wọlé. Bí TCP ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́: SYN, SYN-ACK, ACK. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wà ní ipò LISTEN ló ń dẹtí sílẹ̀ de agò.

Lórí Linux, ẹ ṣí tẹ́míínà, kí ẹ tẹ sudo ss -tlnp; ss ni àṣẹ tó ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì hàn. TCP ni t ń béèrè fún; l ń béèrè àwọn tó ń dẹtí; n ní kó fi nọ́ńbà hàn bó ṣe wà; p ní kó dárúkọ ètò tó ni ín. Netstat ni wọ́n fi kọ́ àwa. Kò burú, ṣùgbọ́n fáìlì /proc/net/tcp ló ń kà, nígbà tí ss ń bi kernel léèrè tààrà, ó sì yá ju netstat lọ bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti pọ̀.

Ibi tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹjú mọ́ ni adírẹ́sì. Ilẹ̀kùn yàrá sí yàrá ni 127.0.0.1, ará ìta kò lè kanlẹ̀kùn ibẹ̀. Ní ti 0.0.0.0, gbogbo adírẹ́sì tí ẹ̀rọ náà ní ló ń dẹtí lé. Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì kan pè mí wá wo sáfà wọn tó ń lọ́ra. Mo tẹ ss. Dátábéèsì tó kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà wọn jọ ń dẹtí lórí 0.0.0.0:5432. Àyà mi já. Ss kì í sọ bóyá fáyawọ́ọ̀lù wà níwájú, nítorí náà mo lọ wò ó: kò sí. Ẹnìkan ló ti ṣí i kó lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ó sì gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú un lọ́ra. Mo tẹ sudo ss -tnp state close-wait, ojú ẹ̀rọ sì kún. Ó ju 900 lọ, ètò kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti máa ń ṣìnà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí nínú TCP, tọ̀tún-tòsì ló gbọ́dọ̀ sọ pé ó dàbọ̀. CLOSE-WAIT ni pé àlejò ti dágbére, ètò tiwa ni kò dáhùn. Kernel kò lè bá a dáhùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè wà bẹ́ẹ̀ títí ètò yóò fi kú. Iye tí ètò kan lè ṣí sì níwọ̀n, 1024 ló wọ́pọ̀ bí a kò bá yí i. Bó bá kún, àlejò tuntun á máa pe agò, kò ní rí ẹni dá a lóhùn.

TIME-WAIT ni wọ́n máa ń bẹ̀rù, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dágbére ló ń dúró díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àná tó pẹ́ lọ́nà má baà já sínú ìjíròrò tuntun. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni lórí Linux, á sì lọ fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń bá wí nígbà tí CLOSE-WAIT bá pọ̀, ètò tí ọwọ́ wa kọ ló sì jẹ̀bi.

Èmi àtàwọn ọmọ tó kọ ètò náà jọ jókòó tì í. Ìlà kan la rí: bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ètò á sá jáde níbẹ̀ láì ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dá dátábéèsì padà sínú ilé. Nígbà tí a tún tẹ ss nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, CLOSE-WAIT kò sí mọ́, 127.0.0.1:5432 ló sì jókòó síbi tí 0.0.0.0 wà láàárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà wá, ẹ ṣí i báyìí, ká jọ tẹ̀ ẹ́.