Ẹlẹ́gbà ní Ojú Ẹlẹ́gbà



Gbogbo wa la mọ̀ pé ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló fún àdúgbò Ojú Ẹlẹ́gbà yìí lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ pé ẹlẹ́gbà mìíràn wà: ẹni tí ẹ̀gbà mú, tí apá àti ẹsẹ̀ kan kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbà kejì yìí ni mo bá wá, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù.

Nínú àrùn yìí, apá kò kú. Àṣẹ láti ọpọlọ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibi tó kù nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìrìn ni, àṣetúnṣe. Lọ́dún 2009, olùwádìí Catherine Lang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwọn físíò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n ń ka iye ìgbà tí aláìsàn fi apá rẹ̀ ṣe nǹkan gidi nínú ìtọ́jú kan. Nǹkan bí 32 péré ni. Ta ló sì fẹ́ gbé ife kan náà sókè ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí kò ní sú u?

Ibẹ̀ ni awò tí wọ́n ń pè ní virtual reality ti wúlò. Wọ́n á dè é mọ́ ojú bíi ti jórinjórin. Ibi tí ẹ bá kọjú sí, ayé inú rẹ̀ á bá yín yí. Irú kejì kò bo ojú pa: tábìlì yín gan-an lẹ ó máa rí, ẹyẹ ayédèrú ló máa bà lé e. Mo wà níbi tí wọ́n ti gbé e wọ màmá kan tí "ẹ tún apá gbé" ti sú. Ọsàn ń já bọ́, ó ń he é. Nígbà tó yá ó pariwo: "Ẹ gbé agbọ̀n wá o, ilẹ̀ ti kún!"

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tà á fún wa bí àgbo gbogboǹṣe. Nínú ìwádìí Gustavo Saposnik tó jáde lọ́dún 2016, 141 aláìsàn ló kópa. Àwọn kan ta géèmù Nintendo Wii, tó ń lo ojú tẹlifíṣọ̀n dípò awò. Àwọn yòókù ta káàdì, wọ́n ju bọ́ọ̀lù. Ara tọ̀tún tòsì wọn ló yá sí i, ìkan kò ta èkejì yọ. Inú mi dùn sí i. Bí káàdì bá lè bá ẹ̀rọ dọ́gba, kí ni ayò ọlọ́pọ́n ṣe? Ihò 12, ọmọ ayò 48: kéèyàn fi ìka mú wọn, kó máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọwọ́ ẹlẹ́gbà gbàgbé gan-an nìyẹn.

Ibi tí awò ti borí ayò ni abẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà wa yìí. Rọpárọsẹ̀ mìíràn kì í jẹ́ kéèyàn kíyè sí ọwọ́ òsì rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì yẹn lè jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Físíò wo ló máa mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá síbí láti kọ́ ìrìn? Nínú awò, ọkọ̀ kì í gbáni. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn físíò wà ní Ìdí-Àràbà lẹ́bàá wa níbí. Imisi 3D, tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ awò yìí ní Èkó kan náà.

Ẹ̀yin físíò àti ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ẹ bá wa kọ́ Ojú Ẹlẹ́gbà sínú awò. Kí kọ́ńdọ́ pe "Ojú Ẹlẹ́gbà", kí aláìsàn dáhùn "Ó wà o!", kó fi ẹsẹ̀ tó rọ ṣáájú bọ́ọ́lẹ̀, kí èyí tó lágbára ṣì gbé e ró nínú dáńfó. Kí dírẹ́bà sì dúró pátápátá. Nínú awò nìkan ni mo ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa dúró.