Ta Ló Ń Dá Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀nà Jínjìn Lóhùn?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ̀rọ ayélujára ń sọ ẹ̀kọ́ ọ̀nà jínjìn dà. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ayé tí kò sí fóònù alágbèéká, torí a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná òde yìí ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní 1944, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan gboyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìtíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣòwò jèrè, ó ti ṣòwò pàdánù, ó ti láya, ó ti bímọ. Ọdún yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ òfin. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé ìgbà náà ni orúkọ Wolsey Hall ti ìlú Oxford àti Rapid Results College, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni nípasẹ̀ lẹ́tà, kò ṣàjèjì sí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ẹ̀kọ́ dé Èkó nínú àpò lẹ́tà, mọ́tò á sì gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó ni ín á kà á nídìí àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, á kọ ìdáhùn, á fi ránṣẹ́ padà, á wá máa retí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí ni yíǹkì pupa. Ìwé náà máa ń padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olùkọ́ létí rẹ̀: ibi báyìí kò tíì yé ọ, tún un kà, ibi báyìí dára. Ẹnì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ò rí rí ti jókòó, ó ti ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èsì náà pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n ó dé. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́ lónìí a máa sọ pé àwọn ti fòpin sí jíjìnnà. Òótọ́ ni pé ìwé tó ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nígbà yẹn ti ń dé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ìbéèrè tèmi ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, ta ló ń dá a lóhùn?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà kò sùn. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jínjìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. National Teachers' Institute ti Kàdúná tẹ̀ lé e ní 1976, ọ̀pọ̀ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì tibẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí NCE láìfi kíláàsì wọn sílẹ̀. Ìjọba Shagari ṣòfin National Open University ní 1983, wọ́n sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì, ṣe olórí rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun Buhari fi tì í pa ní 1984, wọ́n ní ohun èlò tí yóò gbé e ró kò sí. Ó dun àwọn ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, n ò lè pe ìjọba ní òpùrọ́ lórí ìyẹn: kí GSM tó dé ní 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó nǹkan.

Ọbásanjọ́ ló jí yunifásítì náà dìde nígbà tó padà dé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá. Nígbà tó kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kírísítì títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tó ń tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Kò sí ìpolówó tó lè tà á yọ. Ohun tó dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ni pé fún ọdún gbọọrọ, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kò lè lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lábẹ́ NYSC. Ìparí 2018 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe, ẹni tó sì buwọ́ lù ú ni Buhari kan náà tó tì í pa ní 1984. Ayé ń yí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde òní. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Òkè-Àjẹ́, tó ń ka ìwé ọ̀nà jínjìn. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀ dáadáa. Inú fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà. PDF kan lè tó igba ojú ewé, lẹ́tà rẹ̀ á sì kéré débi pé yóò fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, yóò tì í sọ́tùn-ún, yóò tì í sósì, kó tó ka ìlà kan tán. Bí oníbàárà bá wọlé, ó di kó pa á dé, kó gbé téèpù. Kò wa PDF náà jáde fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wáìfáì wà ló wà á jáde, tó wá fi áàpù Xender pín in fún àwọn yòókù kí dátà wọn má bàa lọ sí i.

Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí àwọn ọmọ ti sùn, gúrúùpù WhatsApp wọn á jí. “Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti TMA?” Ẹnì kan á dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n á ti iṣẹ́ àṣetiléwá náà, ẹlòmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà kan á ju fọ́tò ojú ewé tó ti fi báírò fàlà sí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru á wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, á fi Yorùbá tó dán mọ́rán ṣàlàyé ìdí tí ọjà fi ń wọ́n nígbà tí owó bá pọ̀ lóde, á sì fi iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n tòmátì l'Òkè-Àjẹ́ lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún yìí gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ó yéni ju orí ìwé kan tí èmi alára kọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí kò sí nínú gúrúùpù yẹn ni olùkọ́. Kì í ṣe yunifásítì ló dá a sílẹ̀, yunifásítì kò sì mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ojú pọ́tálì ni ilé ẹ̀kọ́ náwó lé: ibẹ̀ lèèyàn ti ń sanwó, ibẹ̀ ló ti ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ibẹ̀ ni TMA wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé kì í lọ síbẹ̀ lọ béèrè, torí kò sẹ́ni tí yóò dáhùn. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí àṣìṣe ẹnì kan lè di ìmọ̀ igba èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́, ibi tí olùkọ́ kò bá sì sí, àwọn tó ń ta ìdáhùn TMA kì í jìnnà. TMA yìí ló ń kó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ní National Open University (NOUN). Tẹ́lẹ̀, ọmọ káfé lo máa ń sanwó fún kó bá ọ tẹ̀ ẹ́. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, o ò nílò ọmọ káfé mọ́.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fẹ́ ká fòfin de ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ wo la ó fi bo oòrùn? Bí kò bá sẹ́ni tó ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń máàkì A, B, C, D, kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rán kọ̀ǹpútà lọ dá kọ̀ǹpútà lóhùn? Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò ka ìpínrọ̀ méjì tóun kọ, pé wọ́n lè pe òun lórí fóònù kí wọ́n ní “ṣàlàyé èyí fún mi,” yóò jókòó kọ ọ́.

A rí àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ tí kò ní olùdáhùn nígbà Kòrónà. Ní 2020 tí ilé ìwé tì, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ètò DIGICLASS jáde, àwọn tíṣà ń kọ́ni lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV àti lórí ayélujára. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìṣirò kò yé kò lè nawọ́ sókè sí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí iná lọ nílé rẹ̀ kò sì rí i rárá.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ti dátà nìkan ni n ó sọ. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàmójútó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí wọ́n fi tó ìdajì kún owó wọn. Lóṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ayélujára sì dojú rú káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé fídíò wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀ kò tíì jókòó ti oníránṣọ Òkè-Àjẹ́ rí. Ẹ̀kọ́ tó bá a mu ni èyí tó fúyẹ́: ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ewé mẹ́wàá tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ fi olùkọ́ kan sínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì lálẹ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n kà á mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Ẹ má sọ pé olùkọ́ ni kó fi ṣe sàráà. Ẹni tó ti kọ́ni látàárọ̀ kò ní ṣe é ju oṣù kan lọ. Kí ẹ̀yin Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjọ́-orí Ìjẹ̀bú, tí ẹ máa ń ná owó tó jọjú lórí aṣọ ọdún Ojúde Ọba, bá wa wá yàrá kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní Pórógun, ní Ìmọ̀wò, ní Mọlípà, kí ẹ gbé sólà àti wáìfáì sí i, kí ó máa ṣí di aago mọ́kànlá alẹ́. Aṣọ ẹgbẹ́ kan lọ́dún kan lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí i lára tóbi jù. Ẹ kọ aago tó ń ṣí àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè tí iná bá kú.