Aládùúgbò Wo Ni Ó Yìnbọn?

Eré kan tí BBC gbé jáde lórí amóhùnmáwòrán ní Ìlú Ọba ní ọdún 1985 ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Orúkọ rẹ̀ ni A Murder Is Announced, èyí ni pé a kéde ìpànìyàn. Inú ìwé tí Agatha Christie kọ ní ọdún 1950 ni wọ́n ti mú un.

Abúlé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ Chipping Cleghorn. Ẹ má wá a lórí àwòrán ilẹ̀, inú ìtàn nìkan ni ó wà. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kí ara wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n kà á nínú ìwé ìròyìn abúlé pé a ó pa ènìyàn ní ilé tí ń jẹ́ Little Paddocks, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n rò pé eré ni. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀. Bí agogo ti lù, iná kú. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ọkùnrin kan tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ìbọn sì dún. Nígbà tí wọn yóò fi rí iná, ọkùnrin náà ni ó kú sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn ní etí onílé.

Ta ni ó ṣe é? Àwọn kan tètè fura sí obìnrin tí ń se oúnjẹ ní ilé náà, ẹni tí ìwé pè ní Mitzi. Àlejò ni, ogun ni ó lé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀, a sì máa bù mọ́ ọ̀rọ̀. Fún ẹlòmíràn, èyí ti tó ẹ̀rí.

Kò tó fún Miss Marple. Ìyá àgbà ni, kò lọ́kọ, a sì máa hun aṣọ òwú bí ó ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Joan Hickson, ẹni ọdún 78, ni ó ṣe é nínú eré náà. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó tilẹ̀ gun igi. Ìyá yìí mọ̀ pé lẹ́yìn ogun, ohun tí ẹni tuntun bá sọ nípa ara rẹ̀ ni abúlé ń gbà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ilé baba rẹ̀. A sì rí i pé ilẹ̀kùn kejì wà nínú yàrá náà. Gbogbo ènìyàn rò pé a kì í ṣí i, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi òróró sí irin rẹ̀ kí ó má baà dún. Nítorí náà, ẹni tí ó yìnbọn lè yọ́ jáde nínú òkùnkùn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Èmi kò ní dárúkọ ẹni náà, kí n má ba adùn ìtàn jẹ́. Mitzi kọ́, kódà, ìgboyà rẹ̀ wà lára ohun tí a fi mú apànìyàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, ènìyàn méjì mìíràn ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ lásán. Ní ọdún 1950 kan náà tí ìwé yìí jáde, wọ́n so Timothy Evans kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ikú ọmọ rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé kan náà jẹ́rìí lòdì sí i, ilé-ẹjọ́ sì gbà á gbọ́. Ní ọdún 1953, a rí òkú àwọn obìnrin ní ibùgbé aládùúgbò náà. Ní ọdún 1966, ìjọba dárí ji Evans. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí òkú?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ohun kan bá sọnù ní kíláàsì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na ìka sí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yin àgbà, ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wò, kí ẹ bèèrè, kí ẹ tún wò, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó dàbọ̀ o.