Iyanrìn Odò Wa, Ìkòkò Omi Wa Ni

Ẹ̀yin ọmọ Èrúwà nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ní kí n sọ.

Gbogbo wa la mọ bí odò wa ṣe rí. Lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n á kún bo bèbè. Tó bá di oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ odò kékeré ti gbẹ, iyanrìn nìkan ló kù. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà rántí pé àwọn ìyá wa máa ń fi igbá wa iyanrìn yẹn títí omi á fi sun. Omi ò lọ, abẹ́ iyanrìn ló sá sí.

Omi àdágún ọ̀gbẹlẹ̀ ló kó sobìà bá wa láyé ijọ́un. Lọ́dún 1988, wọ́n ka èèyàn tó lé ní 650,000 tí sobìà mú ní Nàìjíríà, Ìbàràpá sì wà lára ibi tó ti jà. Asẹ́ aṣọ, kànga àti ìlanilọ́yẹ̀ la fi lé e lọ. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Tá a bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, a lè ṣe é.

Ní Kítúì àti Machakos lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ máa ń mọ ògiri kọńkéré dínà odò tó ń gbẹ. Àgbàrá á kó iyanrìn sẹ́yìn ògiri, omi á fara pamọ́ sínú rẹ̀. Oòrùn ò lè fà á gbẹ, ẹ̀fọn ò lè yé sí i. Wọ́n á wá gbẹ́ kànga sétí ibẹ̀.

Àwa ńkọ́? Típà la fi ń kó iyanrìn tiwa tà. Bí iyanrìn bá ti lọ, àgbàrá á kàn sáré kọjá ni, kànga ìtòsí á sì tètè gbẹ. Mi ò bú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa iyanrìn o, wọ́n lọ́mọ tí wọ́n ń bọ́. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n jókòó, ká jọ fẹnu kò sórí odò tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ká tó gbẹ́ bohó tuntun, ẹ jẹ́ ká tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, ká sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Kí onílé kọ̀ọ̀kan sì gbe omi òjò láti orí páànù rẹ̀.

Omi ò lọ́tàá. Ẹ má jẹ́ ká ta ìkòkò tán, ká tó máa wá omi kiri.