Ẹ̀fẹ̀ Ahun Láàrin Ìlú sí Ìlú



Ẹ̀fẹ̀ ni iyọ̀ ọ̀rọ̀ láàrin àwa Yorùbá. Ìlú kan kì í pàdé èkejì kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́; èyí tí ó sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ni pé ará ìlú báyìí, ahun ni wọ́n. A fẹ́ kí a jọ yẹ ibi tí orúkọ yìí ti ń wá wò.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní Fìdítì, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, àwọn ìyá wa a máa ta ọsàn àti èso mìíràn fún èrò ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ láti fi èènì sí i, ẹni tí ń rajà lè wí pé, “Ahun ni yín ní ìlú yìí.” Kò ro owó tí ìyá náà fi ru ẹrù wá láti oko, kò sì ro èyí tí yóò jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣírò ẹnì kan ṣoṣo sì di ìwà gbogbo ìlú.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń tà á láwìn. Wọn kò ní ẹbí ní ìlú tí wọ́n ń ná tí yóò bá wọn gba gbèsè. Nígbà tí àdéhùn bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a ní àwọn kò ní dìde títí owó yóò fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá, tí a sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Ẹni tí ó ti wọ aṣọ, tí kò tíì san owó aṣọ ni. Ìlú tí a ń pè ní ìlú ahun yìí náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ti dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ará ìlú Gabrovo, ní ilẹ̀ Bulgaria, a máa gé ìrù ológbò rẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè tètè padé, kí ooru iná má baà jáde. Àwọn ará Gabrovo kò bínú. Àwọn fúnra wọn ni ó ń sọ ọ́, wọ́n sì ṣí ilé ńlá kan fún ẹ̀fẹ̀ ní 1972. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tí a fi ń ṣe é lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, eré ni. Èyí tí a ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí a ń wádìí àna, tàbí nígbà tí a ń yan akápò ẹgbẹ́, ẹ̀gàn ni.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ìlú wa ni a fi hun orúkọ Afijió. Bí a bá yọ ọ̀kan, orúkọ náà kò pé mọ́. Kí Fìdítì àti Ìlọra máa bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ, lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dá owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí owó ọ̀nà, ìwé owó ni kí a fi dá ènìyàn lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.